Àlejò tí kò ní ilé tí yóò padà sí: àgbéyẹ̀wò fíìmù « Sans toit ni loi »

Ní ilẹ̀ wa, omi ni a kọ́kọ́ ń fún àlejò kí a tó bi í léèrè ohun tí ó gbé e wá. Àwọn àgbà sì wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó ní ilé ni òwe yìí ń bá wí. Báwo ni a ó ti ṣe gba ẹni tí kò ní ilé, tí kò sì wá ilé? Ìbéèrè yìí ni Agnès Varda gbé ka iwájú wa nínú fíìmù tí ó gba Kìnnìún Wúrà ní Venise ní ọdún 1985.

Mona, tí Sandrine Bonnaire ṣe ipa rẹ̀, ń rìn káàkiri láàárín àwọn àgbẹ̀ agbègbè Nîmes, ní gúúsù Faransé, nígbà òtútù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti rí òkú rẹ̀ nínú kòtò. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí ó pàdé rẹ̀ ń jẹ́rìí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọlọ́sìn ewúrẹ́ kan tí ó ti kọ́ ìmọ̀ filọ́sọ́fì fún un ní ibùsùn àti ilẹ̀ tí yóò fi gbin ànàmọ́ òyìnbó. Mona kò gbin nǹkan kan. Oorun ni ó ń sùn. Ọkùnrin náà lé e. Àgbẹ̀ wo ni inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́ bí ilẹ̀ tí ó fi tọrẹ bá di igbó? Síbẹ̀, kí Mona lè dà bí òun ni ó ṣe fún un nílẹ̀.

Assoun, ọmọ Tùnísíà, alágbàṣe nínú oko àjàrà, ni ó gbà á dáadáa jù lọ. Àlejò ni òun náà. Ó bá a pín oúnjẹ, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń rẹ́ ẹ̀ka àjàrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Mòrókò tí wọ́n jọ ń gbé padà dé, wọn kò gbà kí obìnrin bá wọn gbé. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí: agboolé ní í gba àlejò. Àléébù fíìmù náà ni pé a kò mọ àwọn wọ̀nyí tó bí a ti mọ ọlọ́sìn ewúrẹ́. Kíkọ̀ wọn nìkan ni a rí.

Àwọn ẹlẹ́rìí yòókù ń rojọ́. Assoun kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé ìborùn Mona sí imú. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni kò dá àlejò rẹ̀ lẹ́jọ́.