Ohun Tó Di Okùn Mú àti Ohun Tó Jọ̀wọ́ Rẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ onígbòkun, okùn ló máa ń dẹ́rù bà á ju omi lọ. Okùn pupa ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè òpó, aláwọ̀ búlúù gba abẹ́ ẹsẹ̀ kọjá, funfun ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin wẹ́wẹ́ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sì wà káàkiri dẹ́ẹ̀kì. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: ṣé nǹkan yìí kò gbọdọ̀ tú láéláé ni, àbí ó gbọdọ̀ tú lójú ẹsẹ̀ tá a bá ní kó tú? Irin orí ọkọ̀ kankan ò kọjá ọ̀nà méjèèjì yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú Lightning wò, ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, fi ń díje lórí omi Èkó. Ilé iṣẹ́ Sparkman & Stephens, níbi tí Olin Stephens ti ń ya àwòrán ọkọ̀, ló gbé e jáde ní 1938. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19, èèyàn mẹ́ta ló sì ń tù ú nínú ìdíje. Tí ìjì àkọ́rọ̀ bá ká wọn mọ́ ojú omi, ọwọ́ wọn, okùn àti irin ni wọ́n máa fi bọ́ níbẹ̀.

Wáyà tó na òpó dúró ni olórí àwọn tí kò gbọdọ̀ tú. Irin tín-ín-rín 19 ni wọ́n sábà máa ń lọ́ pọ̀ di ẹyọ kan, torí pé wáyà tí wọ́n lọ́ báyìí kì í fi bẹ́ẹ̀ nà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, irin kékeré kan ló wọnú ihò tó so ó mọ́ ara ọkọ̀, òrùka tín-ín-rín kan tí kò ju èékánná lọ ló sì ń dí irin náà lọ́nà kó má bàa yọ. Òpó gíga yẹn, òrùka yìí ló ń ṣọ́ ọ. Ìdí nìyí tí atukọ̀ tó mọṣẹ́ fi máa ń we téèpù mọ́ ọn, kí okùn tó bá ń kọjá má fi kọ́ ọ. Kì í sì í fi ọwọ́ lásán wá ibi tí wáyà ti ń já. Aṣọ gbígbẹ ló fi ń nù ún láti òkè dé ilẹ̀. Ibi tí aṣọ bá ti kọ́, ẹyọ kan ti já níbẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Púlì tó ń dán lórí dẹ́ẹ̀kì, abẹ́ dẹ́ẹ̀kì ni agbára rẹ̀ wà. Níbi tí ẹrù bá ti pọ̀, bóòtù ni oníṣẹ́ máa ń kì bọ dẹ́ẹ̀kì já sí ìsàlẹ̀, á sì fi irin pẹlẹbẹ gbòòrò tì í lábẹ́ kí ẹrù lè tàn káàkiri. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Tó bá lu ihò tán, á fẹ ẹnu ihò náà díẹ̀, kí gọ́ọ̀mù lè ríbi jókòó yí ọrùn bóòtù ká. Ẹnì kan á wá di orí bóòtù mú ṣinṣin lókè, ẹnì kejì á máa yí nọ́ọ̀tù lábẹ́, torí pé tí bóòtù fúnra rẹ̀ bá yí, gọ́ọ̀mù á ya, omi á sì rí ọ̀nà. Dẹ́ẹ̀kì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní igi láàárín ìpele fáíbà méjì. Omi tó bá wọ ibẹ̀ kì í pariwo, ńṣe ló ń jẹ igi náà rà díẹ̀díẹ̀. Sitéńlẹ́ẹ̀sì pàápàá máa ń dógùn-ún tó bá wà nínú ihò tútù tí afẹ́fẹ́ ò dé. Tí ẹ bá rí ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń ṣàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù, ẹ má kàn nù ún kúrò. Ẹ tú bóòtù náà wò.

Ó wá kan àwọn tó gbọdọ̀ tú. Tí okùn bá gba inú púlì lọ tó tún gbà á bọ̀, tó fi di ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń fa igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun, agbára ọwọ́ ẹni á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ la ó san: okùn mítà mẹ́rin la máa fà kí igi náà tó sún mítà kan. Tá a bá sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, mítà mẹ́rin yẹn kan náà ló gbọdọ̀ sáré jáde. Ẹni tó bá tẹ okùn mọ́lẹ̀ lásìkò yẹn lè dojú ọkọ̀ dé.

Èyí tó wù mí jù lórí dẹ́ẹ̀kì kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Irin eléyín méjì ló dojú kọra, sìpíríǹgì wà nídìí wọn. Tẹ́ ẹ bá fa okùn gba àárín wọn wá sọ́dọ̀ yín, wọ́n á yà fún un. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ẹ́, okùn á fẹ́ padà, pípadà tó fẹ́ padà yẹn ló sì máa yí eyín méjèèjì lé e lórí. Bí ẹ̀fúùfù bá ṣe ń fà á tó ni wọ́n ṣe ń há a mọ́ra tó. Síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá lè tú u: fà á díẹ̀, gbé e sókè, ó bọ́. Ibi tí irin náà bá kọjú sí la fi ń mọ ọ̀gá oníṣẹ́. Kó tó lu ihò kankan, á kọ́kọ́ lọ jókòó sí etí ọkọ̀ gan-an, níbi tí atukọ̀ máa ń fẹ̀yìn sí lójú omi kí ọkọ̀ má bàa dà, á sì fa okùn láti ibẹ̀. Tí kò bá lè já a gbà níbẹ̀, á yí irin náà títí yóò fi ṣeé ṣe.

Irin oníwo méjì rọrùn lójú, àmọ́ ó máa ń tú àṣírí òpè. Okùn gbọdọ̀ kọ́kọ́ gba abẹ́ ìwo tó jìnnà jù síbi tó ti ń bọ̀, kó yí ìdí irin náà po lẹ́ẹ̀kan, kó tó máa dábùú ara rẹ̀ lókè bí òǹkà 8. Ìyípo àkọ́kọ́ yẹn ló ń gbé ẹrù, ìyókù kàn ń ṣọ́ ọ ni. Òpè á máa dì í lé ara rẹ̀ lórí títí irin ò fi ní hàn mọ́, tọ́jọ́ ìjì bá sì dé, kò ní mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Okùn tó gbé ìgbòkun sókè lè gba kókó kan ní ìgbẹ̀yìn. Okùn tó ń darí ìgbòkun nínú ọkọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ gbà á.

Nínú ọkọ̀ ńlá, wíǹṣì, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé okùn mọ́, ló ń ṣe wàhálà fífà. Okùn ń yí i ká bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìyípo kan tàbí méjì tó láti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi kún un bí ẹrù bá ṣe ń wúwo sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dẹ̀ ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ okùn. Ẹ gbé ìka jìnnà, kí okùn má bàa fà á wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní síso mọ́lẹ̀. Ẹ fi ìka tọ okùn kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Ẹ dì í, ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún ṣe é pẹ̀lú ojú dídì. Tẹ́ ẹ bá ti ojú omi dé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan irin gbogbo, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú ọ̀sà Èkó. Ẹni tí kò bá lè tú okùn kan láìwò ó, kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń dì í.