Légíọ̀nù Màríà Láàárín Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Kátólíìkì

Légíọ̀nù Màríà, ẹgbẹ́ Kátólíìkì tí Frank Duff dá sílẹ̀ ní Dublin lọ́dún 1921, ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Ẹ̀ka yìí bá ilé-ìwé Kátólíìkì mu gan-an, títí kan àwọn tó wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ti wà lábẹ́ dáyósíìsì Ìjẹ̀bú-Òde láti 1969. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìpàdé: wọ́n á ka rosárì lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n á sì pín iṣẹ́. Méjì-méjì ni wọ́n ń rán ọmọ jáde. Ọ̀kan lè pọn omi fún arúgbó, kí èkejì gbálẹ̀ fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kálukú á jábọ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ìjábọ̀ yìí ló yẹ ká yìn jù, torí kì í jẹ́ kí àánú di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹgbẹ́ náà kì í pín owó. Àkókò àti agbára ni ọmọ ń fi sílẹ̀.