Ìyìn Yẹ Àwọn Tí Ń Gbálẹ̀ Inú Linux

Iṣẹ́ kan wà tí kì í gbé orúkọ ẹni dé àárín ọjà, síbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi ọwọ́ méjèèjì yìn ín: iṣẹ́ àwọn tí ń ṣa iye àìyípadà tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí kúrò nínú Linux, ètò tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 1991, òpómúléró kọ̀ǹpútà àìlóǹkà.

Apá SMB ni mo ní lọ́kàn, èyí tí í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ka fáìlì tí ó wà lórí òmíràn. Nítorí pé apá tí ń béèrè fáìlì ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí ksmbd tí ń pín in tó wọlé ní 2021, olúkúlùkù ló ń ru iye tirẹ̀ nígbà náà, láti orí àmì tí a fi ń dá ìfiránṣẹ́ SMB2 mọ̀ títí dé nọ́ńbà àṣẹ. Bí a bá tún ọ̀kan ṣe tí a gbàgbé èkejì, ohùn wọn kò ní ṣọ̀kan mọ́. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kó iye tí ó jọra sínú fódà fs/smb/common, tí wọ́n ń fi iye wé iye, tí wọ́n sì ń pín àtúnṣe sí wẹ́wẹ́ kí ojú olùyẹ̀wò lè ká a. Ẹwà iṣẹ́ náà ni pé, nígbà tí wọ́n bá parí, kọ̀ǹpútà á máa ṣe bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má fojú tín-ín-rín irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.