Ará Ilé Wèrè: Àgbéyẹ̀wò Òwe Kan àti Ọ̀ràn Àwọn tí Ń Sùn ní Ìgboro

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ojú kì í ti wèrè, ará ilé rẹ̀ ni ojú ń tì." Nígbà tí ọmọ bá hùwà àbùkù lójú àwùjọ ni àwọn òbí máa ń pa òwe yìí, ìtumọ̀ tí àwọn olùkọ́ sì ń fún un ní kíláàsì ni pé ìwà ẹnìkan a máa kó ẹ̀gàn bá ọ̀pọ̀. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí òwe náà kò sọ, tí ó kàn gbà pé gbogbo ayé mọ̀, ni ó yẹ ní wíwò: pé wèrè ní ilé, pé ilé náà sì ní ará.

Ní ìlú àtijọ́, irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. "Ilé" kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan lédè Yorùbá. Ìdílé pẹ̀lú ni. Nígbà tí wọ́n bá ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, kò sí ẹni tí ń ronú nípa páànù. Bí wèrè bá ń rìn kiri ọjà, àwọn ènìyàn mọ agbo ilé tí ó ti jáde, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe pé agbo ilé náà tu ú lára nígbà gbogbo o. Àwọn tí ń yin ayé àtijọ́ kì í sábà rántí ààbà tí wọ́n ń kàn mọ́ wèrè lẹ́sẹ̀, tàbí pàṣán tí àwọn adáhunṣe kan kà mọ́ oògùn. Síbẹ̀, ẹni tí ààbà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pàápàá, inú ilé ni ó wà, ẹnìkan ni ó sì ń gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ wá gbé òwe náà dé abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba ní Èkó. Ẹni tí ó bá sùn síbẹ̀, tí irun rẹ̀ ti ta kókó, ta ni ojú ń tì nítorí rẹ̀? Ará ilé rẹ̀, bí wọ́n bá wà láàyè, lè má mọ ibi tí ó wọlẹ̀ sí. Àwọn tí ń kọjá kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Nítorí náà, ojú kò ti ẹnikẹ́ni. Níbi yìí ni òwe mìíràn ti ń gba iṣẹ́ ṣe: "Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ." Òwe yìí tilẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ipò méjì péré ni ó ní, ti òǹwòran àti ti òbí. Kò sí àyè nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò bí wèrè, tí kò sì fẹ́ fi í ṣe ìran wò.

Irú òye bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí ẹnu lásán. Ní oṣù keje ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn kan tí wọ́n rí ní ìgboro lọ sí Onitsha, wọ́n ní àwọn ń dá wọn padà sọ́dọ̀ ẹbí wọn ni. Peter Obi, tí í ṣe gómìnà Anambra nígbà náà, fi ẹ̀hónú hàn. Iye àwọn tí wọ́n kó di àríyànjiyàn. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá tọrọ àforíjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ojú ọ̀ràn Yorùbá àti Ìgbò wò ó, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju ìyẹn lọ. Ìgbàgbọ́ inú òwe náà ni: pé ẹni ìgboro ní ilé níbòmíràn, àti pé bí wọ́n bá ti gbé e súnmọ́ ibẹ̀, ará ilé rẹ̀ yóò jáde wá gbà á. Ọ̀rọ̀ dídùn ni "Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé" lẹ́nu arìnrìn-àjò fúnra rẹ̀. Lẹ́nu ẹni tí ń kó ènìyàn sínú ọkọ̀, ó di ohun mìíràn.

Abẹ́òkúta ti gbìyànjú ohun tí ó sàn ju èyí lọ. Láti ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ ìlú náà, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, tí ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, dípò kí ó sé wọn mọ́ inú wọ́ọ̀dù. Ní òwúrọ̀ wọn a lọ gba ìtọ́jú, nígbà tí ó bá yá wọn a padà sí abúlé. Àwọn onílé ń gba owó ilé. Àwọn onísègùn ìbílẹ̀ pàápàá ní iṣẹ́ nínú ètò náà. Ipò kẹta tí kò sí nínú òwe ni Lámbò dá sílẹ̀ yìí: onílé tí kì í ṣe òbí, tí kì í sì í ṣe òǹwòran. Ẹni tí òun àti wèrè jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń bu omi nínú àmù kan náà, kò ní ráyè dúró máa wò ó bí ìran.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú ètò abúlé náà: ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, láti máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Òfin náà bọ́gbọ́n mu. Síbẹ̀, kò rí ti ẹni abẹ́ afárá rò. Ta ni yóò bá a wá?

Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti kọjá ibẹ̀. Ní New York, ní ọdún 1992, Sam Tsemberis, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, dá ẹgbẹ́ Pathways to Housing sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà ń béèrè tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn ọpọlọ tí ń sùn ní títì ni pé kí ó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn olóró, kí ó gba ìtọ́jú, kí ó fi hàn pé òun yẹ ní ẹni tí à ń fún ní ilé. Tsemberis yí i padà: ó kọ́kọ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀, àwọn olùtọ́jú sì ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Nínú ìwádìí tí òun àti Eisenberg tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, 88 nínú 100 àwọn tí ó gba ilé lọ́nà yìí ni ó ṣì wà nínú ilé lẹ́yìn ọdún 5. Ní ti àwọn tí ó gba ọ̀nà àtijọ́, 47 nínú 100 ni.

Kò yẹ kí èyí ya ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu. "Ọmọ ẹni kì í burú títí kí á fi í fún ẹkùn pa jẹ": òwe yìí kò ní kí ọmọ kọ́kọ́ yí ìwà padà kí á tó gbà á lẹ́nu ẹkùn. "Ọmọ ẹni" tí ó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ afárá. New York kò béèrè ọmọ ta ni. Ìwé àdéhùn ilé ni wọ́n fi sí ipò ìbátan. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kọ́kọ́rọ́ nìkan kò sọ yàrá di ilé ní ìtumọ̀ ti Yorùbá, ìdánìkanwà a sì máa bá àwọn kan jà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀.

"Aláìnílé" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn akọ̀ròyìn ń lò nísinsìnyí fún ẹni tí ń sùn ní ìgboro. Ó lè túmọ̀ sí ẹni tí kò ní yàrá, ó sì lè túmọ̀ sí ẹni tí kò ní ìdílé. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní òwe wèrè àti ará ilé rẹ̀ kọ́kọ́ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè èwo nínú méjèèjì ni ẹni abẹ́ afárá ṣe aláìní, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí.