Ilà Àbọ̀ Lára Khumba

Ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ òun dúró. Ilé-iṣẹ́ Triggerfish ní Cape Town, tó gbé fíìmù Khumba jáde ní 2013, fi ilà sí iwájú ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lóbòró. Kí Khumba tó la ẹnu, ọmọdé tó ń wò ó ní Bertrams, ní Johannesburg, ti mọ ìṣòro rẹ̀: agbo ò ní gbà á, bí ẹni tí kò kọ ilà ìdílé.

Wọn ò parọ́ o. Quagga, irú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà kan tí ilà rẹ̀ mọ sí iwájú, jẹko ní Gúúsù Áfíríkà rí. Èyí tó kẹ́yìn kú ní Amsterdam ní 1883.

Àbùkù ara tó di ìtàn: iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn.