Omi Tó Tòrò, Ṣé Ó Ti Mọ́?

Ọ̀kan nínú yín tó fi ìmọ̀ èdè sílẹ̀ lọ kọ́ kẹ́mísírì (mi ò bínú o) ní kí n bá òun wá orúkọ Yorùbá fún èròjà tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ta jí láti fọ omi ìdọ̀tí, tí wọ́n sì lè kó jáde tún lò. Photocatalyst ni Òyìnbó ń pè é. Mo bá jókòó ka ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ nípa rẹ̀.

Titanium dioxide ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ìyẹ̀fun funfun kan náà tó wà nínú ọ̀dà ilé. Ní 1972 ni Fujishima àti Honda, ará Japan, kọ ọ́ síta pé ìmọ́lẹ̀ lè mú un pín omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn. Bí ìmọ́lẹ̀ ultraviolet bá bà á nínú omi ìdọ̀tí, agbára tó ń já ìdọ̀tí sí wẹ́wẹ́ á jáde lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í tán. Iṣẹ́ ńlá ni. Èdè wọn ni mo ń bá wí.

Wọ́n á da methylene blue sómi, wọ́n á tan iná sí i, àwọ̀ á pòórá, ni wọ́n bá ní omi ti mọ́. Rárá o! Ó tòrò ni. Àwọ̀ lè lọ kí àfọ́kù aró náà ṣì wà níbẹ̀. Àfi kéèyàn wọn carbon tó ṣẹ́kù kó tó mọ̀. Methylene blue gan-an lè ṣá fúnra rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ lára rẹ̀. Àwọ̀ nìkan kọ́ ló sì ń wà nínú omi aró. Ẹ wo èyí tí àwọn aládìrẹ ń dà nù ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta: sóódà ń bẹ níbẹ̀, hydrosulphite ń bẹ níbẹ̀, ó sì máa ń dúdú débi pé ìmọ́lẹ̀ ò ní ráyè dé ara ìyẹ̀fun náà.

"Àtúnlò" wá ńkọ́? Bí wọ́n bá ti lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, nínú omi tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pò, ó parí. Ìyẹ̀fun yìí kúnná ju èlùbọ́ lọ. Bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ ló ń bá omi lọ. Àwọn kan ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń kan omi á dín kù. Àwọn mìíràn ń fi ìpẹtà irin sí i nínú kí mágínẹ́ẹ̀tì lè fà á jáde. Ìyẹn wù mí. Síbẹ̀, ohun tí agbára rẹ̀ ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lò ó, Yorùbá ti lórúkọ fún un: àlòkù.

Mo fún ọmọ náà ní "àtúnlò" tó béèrè. Mo ní kó kọ iye ìgbà tó lò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ìwọ̀n ìyẹ̀fun tó rí kó padà nígbà ìkẹyìn. Kò tíì fèsì.