Ipò Orin nínú Sinimá Àjàní Ògún

Ìrètí òǹwòran pọ̀ nígbà tí Àjàní Ògún jáde ní 1976, nítorí òun ni sinimá gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọlá Balógun, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ilẹ̀ Faransé, ni olùdarí. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, ni olú òṣèré.

Ìtàn rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan ń jà láti gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ olóògbé lọ́wọ́ olóṣèlú olójúkòkòrò. Ibi tí ìjà náà yóò parí sí ti hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò sì tani jí: lórí ìtàgé, òṣèré a máa wo ojú òǹwòran kí ó tó dá àpárá, ẹ̀rọ ayàwòrán kò ní ojú tí a lè wò.

Orin ni ó yọ sinimá náà. Inú eré alárìnjò, níbi tí Adé Love àti Dúró Ládiípọ̀ ti ṣiṣẹ́, ni orin náà ti ṣẹ̀. Bí ẹnì kan bá lé e, tí àwọn yòókù gbè é, ẹjọ́ ilẹ̀ ẹnì kan a di ẹjọ́ gbogbo ìlú. Fún ará Muṣin tàbí Sùúrùlérè, ẹjọ́ ilẹ̀ kì í sì í ṣe àlọ́.

Síbẹ̀, orin dídùn kò lè rọ́pò ìtàn. Ní 1979, orí ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ni a gbé Ìjà Òmìnira kà. Níbẹ̀ ni orin ti rí ìtàn tí ó tó o gbé.